Ọwọ́ Òsì Nínú Ìgò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Òmù-Àrán,
Ìyá Àgbà fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ so ọwọ́ òsì mi mọ́ ìdí.
"Òsì kọ́ la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.
Òsì kọ́ la fi ń júwe ilé baba ẹni."
Mo fi ọ̀tún kọ ábídí,
lẹ́tà mi ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Lónìí, nínú yàrá kẹ́mísìrì kan ní Ìlọrin,
ọyẹ́ ń ha fèrèsé,
mo ń wo ìgò tí kò ju àtàǹpàkò lọ.
Kábọ́ọ̀nù ló wà níbẹ̀, ọmọ ìyá èédú.
Ọwọ́ mẹ́rin ló ní.
Bó bá di ohun mẹ́rin mú, tí ìkan ò jọ ìkan,
ó ti ní èkejì nìyẹn, nínú dígí.
Wo ọwọ́ rẹ:
ìka márùn-ún, ìka márùn-ún,
gbé ọ̀tún lé òsì lórí, kí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wo ilẹ̀,
àtàǹpàkò á kọ̀yìn síra.

Ara mọ èyí.
Ẹ̀jẹ̀ mọ bàtà tó wọ òun.
Oògùn ọ̀tún lè wo ikọ́ sàn,
kí èkejì rẹ̀ nínú dígí máa wá ẹni tí yóò pa.

Ṣùgbọ́n bí o bá kàn da nǹkan pọ̀,
kábọ́ọ̀nù á so mọ́ kábọ́ọ̀nù bó ṣe wù ú,
ìdajì ọ̀tún, ìdajì òsì.
"Àdàlú ni," ni Alàgbà Ọlátẹ̀jú máa ń wí,
"ẹ̀wà òun àgbàdo. Ta ni yóò ṣà á?"
Láyé tiwọn, irin olówó ńlá ni wọ́n fi ń ṣe é,
èyí tó ń ti òkè òkun wá,
tó ń gbé owó oṣù mẹ́ta lọ,
tó sì ń fi májèlé sílẹ̀ nínú iṣẹ́
bí àlejò tó gbàgbé bàtà.

Èmi ò ní irin.
Pròlínì ni mo ní, ìyẹ̀fun funfun, ṣíbí kékeré kan.
Ó wà nínú pọ̀nmọ́ tí a jẹ lánàá,
ó wà lára ohun tó di awọ màlúù mú tí kò fi ya.
Ọlọ́wọ́-òsì ni, bí a ṣe bí i nìyẹn,
kò sẹ́ni tó so ó mọ́ ìdí.

Mo da asitóònù, mo bu ìyẹ̀fun kejì sí i,
aláwọ̀ ìyeyè.
Iná lọ.
Sàlámátù sáré dé Òkè-Odò,
ó ra yìnyín lọ́wọ́ ìyá oníkúnnú,
a rì ìgò náà sínú báfù bí ọmọ tí ibà ń ṣe.

Pròlínì kò pariwo.
Ó di asitóònù lọ́wọ́ mú, ẹ̀kán omi kan bọ́ sílẹ̀,
ó fi ara dí ọ̀nà kan,
ó ní fún àlejò: "Ibí ni kó o gbà."
Èédú dì mọ́ èédú.
Omi padà, ó gba ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.
Wọ́n ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárenà a yẹ̀ bá.
Òótọ́ ni, ó yẹ̀.
Ṣùgbọ́n kò lọ sílé.
Ẹnu ọ̀nà ló padà sí,
ó ń dúró de àfẹ́sọ́nà mìíràn,
kò dín, kò wú, kò bèèrè iṣu.

Ní ọjọ́ kejì, iná dé.
Mo fi ìmọ́lẹ̀ ìyeyè la inú iṣẹ́ náà kọjá.
Ìmọ́lẹ̀ yà.
Mo tún un wò, mo nu ojú dígí, mo tún un wò.
Ọ̀tún ló yà sí.
Méjìdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún,
méjìlá ṣe orí kunkun.
Alárenà ọlọ́wọ́-òsì,
ọ̀tún ló bí fún mi.

Ìyá Àgbà pè lágogo mẹ́rin:
"Kí lò ń ṣe látàárọ̀ tí o ò gbé fóònù?"
Mo ní mo ń kọ nǹkan sílẹ̀ ni.
Wọn ò bèèrè ọwọ́ wo.